Ọ̀wẹ̀ Tí N Kò Bẹ̀

Inú ṣì ń bí mi. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́. Irọ́ ni. Àwa tí a kì í sọ̀rọ̀ la máa ń bínú pẹ́ jù, torí a kì í tètè rí ibi da ìbínú náà sí.

Aṣọ kan ni mò ń rán. Mo fẹ́ ṣàlàyé irú rírán tí mò ń wí, torí ìyá kan tó jẹ́ télọ̀ ní òdìkejì títì wa ní Ayégbajú níbí máa ń sọ pé ìyẹn kì í ṣe rírán. Aṣọ funfun kan wà tí wọ́n hun tó ní ihò wẹ́wẹ́, tí àwọn ihò náà tò tẹ̀ léra bí ebè tí ẹni tó mọ ọkọ́ lò kọ. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú la fi ń rán an. Wàá fa òwú gba inú ihò kan, wàá dá a ní ìdábùú lọ sí òmíràn, wàá tún fa ìkejì kọjá lórí rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀sì kan. Irú ẹ̀ẹ̀sì tí tíṣà máa ń fi bíírò pupa kọ sí iwájú ìṣirò tí èèyàn kò gbà. Mo gba ẹ̀ẹ̀sì yẹn yó nílé ìwé kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé òun náà ni mo wá ń fi ọwọ́ ara mi kọ báyìí, rẹpẹtẹ, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ pé mo fìdí rẹmi.

Ọmọ yunifásítì kan tó gba yàrá iwájú nílé wa ló kọ́ mi. Ará ọ̀nà Kàlàbá ni. Òun kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, èmi náà kò gbọ́ òyìnbó dáadáa, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa wọ̀. A ó jókòó, a ó máa rán, kò sí ẹni tó ń bi ẹnì kan ní nǹkan. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ń lọ, ó fún mi ní aṣọ tó kù sí i lọ́wọ́ àti òrùka igi tí a fi ń na aṣọ náà kó má baà ká jọ. Òwú, èmi fúnra mi ni mò ń rà á lọ́jà Ọ̀yẹ́, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta bọ́tìnnì.

Àtíbàbà gàrí ìyá mi ni mò ń rán. N kò ní àwòrán kankan tí mò ń wò. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án, tí a bá ti bó ẹ̀gẹ́ tán, mà á máa wo àtíbàbà náà, mà á máa ka ihò. Pánù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Mo da òwú pupa rẹ́súrẹ́sú pọ̀ mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ kó tó jọ ọ́. Mo rán òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú èyí tó wọ́. Mo rán agbada ńlá, mo rán igi ìdáná, mo rán ewúrẹ́ tó máa ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ níbẹ̀.

Ó wá ku èéfín. Ẹni tó bá ti yan gàrí rí mọ̀ pé èéfín ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Á ti abẹ́ agbada jáde, á wú, á bo ẹni tó jókòó tì í pátápátá, á wá tẹ̀ lọ sápá títì. Mo fi òwú aláwọ̀ eérú gbìyànjú rẹ̀, ó jọ òkúta. Mo tú u. Mo fi òmíràn tó mọ́ díẹ̀ ṣe é, ó jọ òwú tí wọ́n fi ń nu ojú egbò. Mo tún tú u. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbé aṣọ náà jìnnà sí ojú mi díẹ̀, mo sì rí i pé èéfín náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aṣọ funfun tí n kò rán láàárín agbada àti òrùlé, èéfín ni. Mo kàn ní láti rán gbogbo ohun tó yí i ká ni, kí n sì mọ ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ dúró. Bí mo ṣe wá ń rán etí rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀sì kan níbí, ẹ̀ẹ̀sì kan lọ́hùn-ún, tó fi ń yí, tó ń wú, tó ń tẹ̀. Ibẹ̀ ló gbà mí lákòókò jù lọ nínú gbogbo aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ mi kò kan inú rẹ̀ rárá.

Ayọ̀ tó wà níbẹ̀, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilé wa. Bí mo bá rán ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan tán, inú mi á dùn bíi pé mo jẹun. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ta ló fẹ́ rà á?" Bí mo bá ní kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, wọ́n á ní, "Ṣé fún ọkọ lo ń tọ́jú rẹ̀?" Bí mo bá tún ní rárá, wọ́n á wo ìyá mi bí ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe.

Bí ó ṣe ku koríko ìsàlẹ̀ nìkan ni àbúrò ìyá mi ránṣẹ́ láti Ìtàjí pé ẹ̀gẹ́ òun ti ń jẹrà nílẹ̀, kí n wá bá òun wà á. N kò mú aṣọ náà dání, torí omi ẹ̀gẹ́ kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Mo dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú òwú rẹ̀, mo gbé e sórí àpótí mi, mo gun ọ̀kadà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wẹ̀ ná, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé aláìmoore ni mí. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí iṣẹ́ bá ju agbára rẹ lọ, wàá bẹ ọ̀wẹ̀. Wàá lọ bá àwọn èèyàn rẹ nílé wọn, wàá dá ọjọ́, wọ́n á wá, wọ́n á fi ọwọ́ púpọ̀ bá ọ ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan náà. Tìrẹ ni kí o wá oúnjẹ, kí o sì dúpẹ́. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ilé ìdáná wa. N kò ní ìjà pẹ̀lú ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: wàá bẹ̀ ẹ́. Ìwọ olóko ni wàá bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí mo padà dé, bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni mo ń gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé. Mo gbọ́ òórùn iyán. Àwọn mẹ́ta ló wà ní pálọ̀: Ìyá Ẹgbẹ́, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin tí ìyá mi ń bá ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, télọ̀ òdìkejì títì, àti ìyá kan tó máa ń hun fìlà ọmọ tuntun. Ìyá mi ń ti ilé ìdáná bọ̀, ó ró ìró tó dára láàárín ọ̀sẹ̀.

"Onílé dé o!" Télọ̀ ló pariwo. "Ìyàwó, kú àbọ̀. Ẹ̀gẹ́ Ìtàjí ò kúkú pa ọ́."

"Ẹ jẹ́ kó jókòó ná," ni ìyá mi wí. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Jókòó kẹ̀?" Ìyá Ẹgbẹ́ na ìka sí ilẹ̀. "Ẹni tí a bá parí uṣẹ́ rẹ̀, ṣé orí àga ló ti í dúpẹ́?"

Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń torí rẹ̀ kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Wọ́n wá tẹ́ aṣọ mi sí iwájú mi.

Ní àkọ́kọ́, n kò mọ̀ ọ́n. Òrùlé mi wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín, níbi tí èéfín mi wà, nǹkan ti hù bí èpò. Òdòdó pupa kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju ewúrẹ́ lọ, òwú tín-ín-rín tí wọ́n ń lò sí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fi ṣe é. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi òwú fìlà ọmọ rán. Ó nípọn, ó wú, ó ti ya àwọn ihò aṣọ náà fẹ̀. Lókè, níbi tí èéfín ti ń tẹ̀ lọ sápá títì, wọ́n fi búlúù kọ OLÚWA ṢEUN, ṣùgbọ́n àyè kò tó wọn, lẹ́tà tó kẹ́yìn gun orí pánù lọ. Nísàlẹ̀, nítòsí agbada, ohun kékeré kan wà tó wọ́, àwọ̀ ilẹ̀ ni ara rẹ̀, pupa ni orí rẹ̀.

"Òdòdó yẹn, tèmi ni," ni Télọ̀ wí. "Mo pa ẹ̀rọ mi tì torí rẹ o. Mo tún fi omi wọ́n ọn, mo lọ̀ ọ́ kó lè tẹ́."

"Tèmi ni ẹyẹ," ni ìyá tó ń hun fìlà wí.

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ẹyẹ? Ẹyẹ nìyẹn? Láti àárọ̀ ni mo ti ń bi ara mi pé ta ló gbé ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ sójú ọ̀run."

"Ebi ló ń pa ọ́. Gbogbo nǹkan ní í jọ ìkòkò lójú ẹni ebi ń pa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Ẹgbẹ́ wá ń sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní òun wá kí ìyá mi, ìyá mi sì mú aṣọ náà jáde láti fi hàn òun. Òun wá rí i pé ọmọ yìí ti rán an títí, ó ti sú u, ó fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Òun ní ọmọ yìí sì máa ń bá ẹgbẹ́ pọnmi nígbà ìkórè tí kì í ráhùn. Òun ní ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀wẹ̀ fún un kó tó dé.

"A ò jẹ́ kí uṣẹ́ pa ọ́," ló fi parí rẹ̀. "Ó yá, dúpẹ́."

Gbogbo wọn ń retí. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde, ohùn rẹ̀ kéré débi pé èmi fúnra mi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

"Èéfín ni."

"Kí ló wí?"

"Ibẹ̀ yẹn, mà. Èéfín ni. Mi ò gbàgbé rẹ̀."

"Èéfín wo?" Ìyá Ẹgbẹ́ wo aṣọ náà, ó wo ilé ìdáná. "Níbo ni èéfín wà?"

"Ẹ ti rán an pa."

Télọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yéè! Ibi tí kò sí nǹkan kan ló ń pè ní èéfín! Èmi náà á máa gba aṣọ oníbàárà, mi ò ní rán an, bí wọ́n bá dé, mà á ní èéfín ni."

"Bí mo bá fi ìdajì oko mi sílẹ̀ láìro," ni ìyá tó ń hun fìlà wí, "mà á ní afẹ́fẹ́ ni mo gbìn."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá mi ni wọ́n. Ìyẹn ló tún ń dùn mí. Bí olè bá jí aṣọ náà, gbogbo àdúgbò ni ì bá bá mi kígbe. Ẹni tó fi ẹ̀rín àti ìfẹ́ bà á jẹ́ wá ń retí pé kí n fún òun ní iyán.

"Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́. Dídán ojú rẹ̀ ti ń lọ.

Mo ní, "Ẹ ṣé fún ìfẹ́ yín, mà. Ṣùgbọ́n mi ò bẹ ọ̀wẹ̀."

Ìyá Ẹgbẹ́ kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. "Ìyá rẹ bẹ̀ wá. A bi í, ó ní ká ṣe é."

"Iṣẹ́ mi ni, mà."

"Ulé ta lo wà?"

Ilé ìyá mi ni mo wà. Oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń jẹ. Ṣé torí ìyẹn ni ohun tí mò ń fi ọwọ́ mi ṣe, tí n kò torí rẹ̀ fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, fi di ti ìyá mi tó lè pe èèyàn sí bí oko? Àbúrò mi ọkùnrin ní bọ́ọ̀lù kan. Bọ́ọ̀lù náà ti fọ́ wíńdò rí, síbẹ̀ kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án láìbi í. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ, wọ́n gbà pé kò lè ní ohun tó ń jẹ́ tèmi.

Mo ká aṣọ náà, mo wọ yàrá. Mo ń gbọ́ tí ìyá mi ń bẹ̀ wọ́n pé oòrùn ọ̀nà Ìtàjí ló pa mí. Wọ́n jẹ iyán náà tán kí wọ́n tó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé àga síwájú ilé, ní ẹ̀bá títì. N kò mọ̀ọ́mọ̀ jókòó síbẹ̀ kí wọ́n lè rí mi. Ẹni tó bá ti tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ojú ọ̀run ló ní ìmọ́lẹ̀ tó tó o. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, nígbà tí mo rí i pé wọn yóò rí mi, n kò dìde.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà búlúù. Mò ń fi abẹ́rẹ́ mìíràn tí ẹnu rẹ̀ mú gbé òwú, mò ń gé e, mò ń fà á yọ. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko ń kí mi pé, "Kú iṣẹ́ o," mo sì ń dá wọn lóhùn. Òwú fìlà ọmọ rọrùn-ún fà, ṣùgbọ́n ihò tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dà bí imú. Òdòdó Télọ̀ ló burú jù. Ó ti rán an há, omi tó fi lọ̀ ọ́ sì ti jẹ́ kí pupa rẹ̀ ṣí sára funfun.

Ìyá Ẹgbẹ́ ń bọ̀ láti dá abọ́ tí ìyá mi fi bu ọbẹ̀ fún un lánàá padà. Ó dúró ní orí mi.

"Kí lò ń tú yẹn?"

Mo gún ara mi níka. Mo ní, "Ìwé tí ẹ kọ, mà."

"Orúkọ Olúwa lò ń tú?"

"Òwú ni mò ń tú, mà."

Ó ní, "Ìgbà tí ìgbéyàwó rẹ bá dé, wàá mọ̀ pé èèyàn làá fi ṣe nǹkan. Wàá wá bẹ̀ wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Tó bá dìgbà yẹn, mà á wá bẹ̀ yín."

Mo sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi ni. Kò mọ bóyá mo rí òun fín tàbí mo bọ̀wọ̀ fún òun. Ó gbé abọ́ náà sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó sì ń lọ. Títí di òní, bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń dáhùn ìkíni mi.

Ó wá ku ohun kékeré tó wọ́ nítòsí agbada. N kò tíì mọ ẹni tó ni ín. Ẹni náà kò mú òwú tirẹ̀ wá. Òwú inú ọ̀rá mi ló lò. Gbogbo ẹ̀ẹ̀sì rẹ̀ dojú kọ ibi tó wù ú. Mo ti ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìyá mi jáde síta.

"Tèmi náà?"

Mo gbé ojú sókè. Mo wá wo ohun kékeré náà dáadáa. Gèlè pupa ni orí rẹ̀. Òun ni, ó jókòó ti agbada rẹ̀.

"Kí lẹ rán ara yín síbẹ̀ fún, Màámi?"

"Mi ò rí ara mi níbẹ̀. O rán agbada mi. O rán igi mi. Ewúrẹ́ pàápàá, o rán an. Mo wá ara mi títí."

"Ẹ wà níbẹ̀. Èéfín ló bò yín."

Ìyá mi bú jáde bí ẹni tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri tipẹ́. "Èéfín! Ojú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nínú èéfín yẹn. Ọ̀fun mi ò jẹ́ kí n kọrin mọ́. Nínú àwòrán náà, èéfín náà ni kó tún bò mí?"

Inú ń bí òun náà. Èmi kò rò ó rí. Ṣùgbọ́n ìbínú tirẹ̀ kò pa tèmi. Mo di aṣọ náà mú.

"Mà á rán yín sí òmíràn," ni mo wí. "Ẹ̀yin nìkan. Kò ní sí èéfín níbẹ̀ rárá. Èyí, èéfín ni mò ń rán."

"Nígbà wo?"

"Bí mo bá parí èyí."

"Wàá pẹ́."

"Mà á pẹ́, mà."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ṣé kí n má bẹ ọ̀wẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ ọ̀wẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Ó ní, "Tú u, jàre. Má gún ara rẹ mọ́." Ó sì wọlé lọ dáná sí abẹ́ agbada.

Mo tú u. Ó dùn mí, síbẹ̀ mo tú u.

Aṣọ náà kò padà sí bó ṣe wà. Àwọn ihò tó ya kò pa dé tán, pupa Télọ̀ sì kù níbẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti gbá ọmọ létí. Télọ̀ fúnra rẹ̀ rí i, ó ní ṣé mo wá rí i, èéfín kì í kúkú funfun báláú, pé ó tiẹ̀ wá jọ èéfín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò jọ ọ́. Èmi ni mo mọ bó ṣe rí, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi.

Mo padà sórí koríko ìsàlẹ̀. Ọ̀sán ni, mo jókòó síwájú ilé, Télọ̀ ń ti ibi tó ti lọ ra òwú bọ̀. Ó dúró, ó wo ibi tó kù, ọwọ́ rẹ̀ ti na síta. Ó ní, "Jẹ́ kí n bá ọ—"

Mo gbé ojú sókè, mo wò ó.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Kú iṣẹ́ o, ìyàwó," ó sì sọdá títì.

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."